Kí Àwọn Méjìlá Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ Kí O Tó Gbà Pé O Jẹ̀bi

Àmárìyà, Jẹ́dà
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì

Tájù ọmọ mi, Àkànní tèmi,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé kí o fọwọ́ sí ìwé tí agbẹjọ́rò ìjọba gbé síwájú rẹ, kí o gbà pé o jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ tán, "Tayyib, Bàbá," lo wí, pé ó dára, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré, nígbà tí ìyá rẹ bá sọ Yorùbá sí ọ tí o ń fi Lárúbáwá dá a lóhùn, bí ọ̀rọ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin ni o máa bi wá lé e. Ìgbà tí ó bá ti sú ọ láti jiyàn nìkan ni o máa ń sọ tayyib kan ṣoṣo, tí o máa wọ yàrá lọ. Ojú mi kò kúrò lára fóònù náà títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ mo jókòó lónìí láti kó èyí tí mo fọ́ nílẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, ọmọ mi. Mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ ní kíkún, nítorí lórí fóònù ẹ̀rù máa ń jẹ́ kí n yára sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá di bírò mú, mo máa ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yé mi, kí o lè rí ibi tí mo ti ṣì í. O kó lọ sí ìlú tuntun nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Oṣù mẹ́fà péré lo lò níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ ṣubú, o gbá a mú lápá, apá náà kán. Òṣìṣẹ́ kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní òun rí i tí o fi ìbínú lọ́ ọ lápá. Bàbá náà fúnra rẹ̀ kò rántí nǹkan kan. Ìjọba pè ọ́ lẹ́jọ́. Lọ́yà rẹ ní ọ̀nà méjì ló wà. Bí o bá gbà pé o jẹ̀bi ẹ̀sùn kan tó kéré sí i, o kò ní rí ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n o kò ní ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú rẹ jẹ́. Bí o kò bá gbà, òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọ ní ẹ̀tọ́ pé kí ará ìlú méjìlá, àwọn tí wọ́n ń pè ní júrì, jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan pé o jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni o gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn.

Nínú gbogbo èyí, ẹ̀wọ̀n nìkan ni mo gbọ́. Mo ní fọwọ́ sí i. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé n kò bi ọ́ ní ìbéèrè kan tó yẹ kí bàbá bi ọmọ rẹ̀: "Tájù, ṣé o ṣe é?" Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan tí mo fi dá tìrẹ.

Ohun tó yẹ kó kọ́ mi lọ́gbọ́n ti ṣẹlẹ̀ sí mi kí a tó bí ọ. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. O rántí pé àwọn ará àdúgbò Mahjar máa ń pè mí ní Abú Dàjáàjì, baba adìẹ. O máa ń rẹ́rìn-ín. O rò pé nítorí mo fẹ́ràn ẹran adìẹ ni, o tilẹ̀ máa ń fi itan tìrẹ sílẹ̀ fún mi nínú abọ́. Mo máa ń jẹ ẹ́, n kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá mi láti Ìwó, oyún rẹ wà nínú rẹ̀. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mahjar tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amúǹkantutù ṣe. Lọ́jọ́bọ̀ kan wọ́n rán mi lọ sí ibì kan tí wọ́n ń kó adìẹ dídì sí nínú yàrá òtútù. Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe. Mo dúró títí yàrá fi tutù. Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn, irin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ mi níka. Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tó wá síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo adìẹ ti yọ́, òórùn ti gba àdúgbò. Ẹnì kan ti pa iná. Ta ni? Títí di òní n kò mọ̀.

Mùdíìrì, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí ṣọ́ọ̀bù wa, gbé ìwé kan wá tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ. Ó ní, "Ṣé o lè kà á?" O mọ̀ pé ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ mi. Àfáà mi ní Ìwó fi ẹgba kọ́ mi títí gbogbo háráfì fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo gbé ìwé náà sókè, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni ń ka Kùránì, mo fa ohùn níbi tó yẹ kí n fà á. Kò sí àmì ohùn lórí àwọn háráfì rẹ̀, èyí tó bá wá sí mi lẹ́nu ni mò ń fi sí i. Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì pariwo, "Mà ṣáà Allāhu!" Ẹnì kan bu tíì fún mi. Bóyá wọ́n ń yìn mí ni, bóyá wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ni, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Lárúbáwá ọ́fíìsì kò yé mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn irú ìyìn yẹn, báwo ni mo ṣe máa ní ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà kò yé mi? Mo fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bùsárì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àlàájì Bùsárì kan náà tí o mọ̀, tó ń gbé Rusaifah ní Mẹ́kà báyìí. Takisí ló ń wà nígbà náà, ọmọ onímọ̀ ni, Lárúbáwá sì yé e dáadáa. Ó ka ẹ̀dà ìwé náà, ó wò mí.

"Ọ̀gbẹ́ni, o mọ ohun tí o sọ síbí? O ní ìwọ lo gbàgbé láti tan iná padà. O ní àìbìkítà rẹ ló ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́."

"Èmi kọ́."

"Ìwọ kọ́ kẹ̀? Ta ló wá fọwọ́ sí i, àbúrò rẹ?"

Mo ní màá padà lọ sọ pé irọ́ ni. Òun àti àwọn tí a jọ ń gbé yí mi ká. "Wọ́n ní wọn kò ní dá ọ padà sílé. Wọ́n ní wọn kò ní fọwọ́ kan ìkámà tí o fi ń gbélùú. Ìyàwó rẹ lóyún. Kí lo tún ń wá?" Gbogbo wọn fẹ́ràn mi, Tájù. Nítorí ìfẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo wọ ọ́fíìsì lọ, mùdíìrì gbójú sókè, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ wà. Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Lóòótọ́, wọn kò fọwọ́ kan ìkámà mi. Stóò ni wọ́n fi mí sí, ọdún méje ni mo fi ń nawọ́ sípánà sí ẹlòmíràn. Gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun tó bá dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa sọ fún un ni pé, "Ẹni tó ba adìẹ jẹ́ nìyẹn." Mo jẹ́ orúkọ náà títí mo fi ń jẹ́ ẹ kí wọ́n tó pè é tán.

Èyí tó dùn mí jù, inú ilé ló wà. Ìyá rẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Àlàájì mi, ṣé ẹ̀yin lẹ pa iná náà lóòótọ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí Ọlọ́run fi gbà á. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. O mọ̀ pé mo máa ń kọ ohun tí mo bá rò sínú ìwé. Ìbéèrè yẹn wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé náà, kò sí ìdáhùn lábẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀kankan. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọmọ mi. Mo ṣì ń wo ọ̀nà.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo rò báyìí.

Èkíní. Dáhùn ìbéèrè tí n kò bi ọ́. Kì í ṣe èmi ni kí o kọ́kọ́ dá lóhùn. Ara rẹ ni, lẹ́yìn náà lọ́yà rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, tí bàbá náà bú ọ, tí ọwọ́ rẹ le jù bó ṣe yẹ lọ, sọ ọ́. Nígbà náà, òtítọ́ ni ìwé yẹn, kí o fọwọ́ sí i, kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá náà àti lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ mi ṣì ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí o kò bá ṣe é, má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé o ṣe é. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ nípa rẹ, o lè jiyàn rẹ̀. Èyí tí ìwọ bá fọwọ́ sí, ta lo fẹ́ bá jiyàn? Àwọn tó fẹ́ràn rẹ jù náà á ní, o ṣáà fọwọ́ sí i.

Èkejì. Má fojú kéré àwọn méjìlá náà. Èmi náà ti fojú kéré wọn rí. Lánàá mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, mo lọ bá Bùsárì nílé rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Adájọ́ méjìlá? Ó mà pọ̀ o."

"Wọn kì í ṣe adájọ́. Ará ìlú ni. Adájọ́ á wà níbẹ̀ láti là wọ́n lóye òfin, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, awakọ̀, tíṣà, onígbàjámọ̀."

"Onígbàjámọ̀! Tájù tí mo máa ń gbé lọ sílé ìwé, onígbàjámọ̀ ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀? Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó kàwé tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run ló ń jókòó sórí àga yẹn."

"Àlàájì, ta ló ń fá irun orí yín?"

"Ọmọ Pakísítáànì tó wà nísàlẹ̀ ilé yìí."

"Ṣé ó máa ń mọ̀ bí ara yín kò bá yá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ mí ju dókítà mi lọ. Ó ní bí mo bá ti ń gbé ọrùn báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn."

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń wí."

Ó tún gbé ife tíì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Tàjúdíìnì. Bí wọ́n bá rí àwọ̀ rẹ̀?"

N kò ní purọ́ fún ọ pé mo ti rí èsì ìbéèrè yẹn láti àná. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjìlá ti rán aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n rí ní ilẹ̀ yẹn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn méjìlá sì ti gba aláìṣẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rí. N kò mọ èyí tí ìwọ máa bá pàdé. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń ronú nípa ọ́fíìsì tí mo ti ka ìwé bí ẹni ń ka kéú. Ká ní ẹni méjìlá ló jókòó síbẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, tí wọ́n sì ní àyè láti fi ara balẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ìbá ti bi ara rẹ̀ pé, ṣé ohun tí ọkùnrin yìí ń kà yé e? Ọ̀kan ìbá béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Lọ́dọ̀ tìrẹ, ẹnì kan á wà láàárín wọn tó ti gbé bàbá tirẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rí. Ó mọ̀ bí egungun àgbàlagbà ṣe rí, pé o lè fi ìfẹ́ dì í mú kó sì kán. Ìwé òfin kò lè kọ́ adájọ́ ní ìyẹn. Ṣebí o ní lọ́yà máa ń ní àǹfààní láti bi wọ́n ní ìbéèrè kí wọ́n tó yàn wọ́n. Sọ fún un pé kí ó béèrè ẹni tó ti tọ́jú arúgbó nínú ilé rí. Mo sì gbọ́ pé bí ẹnì kan péré nínú àwọn méjìlá bá ní iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání, kò gbọdọ̀ ní o jẹ̀bi, àwọn tó kù kò sì lè dá ọ lẹ́bi láìsí tirẹ̀. Èmi tí wọ́n ti ń bá wí láti ilé kéú pé iyèméjì mi pọ̀ jù, mo fẹ́ràn òfin tó fi àyè sílẹ̀ fún irú mi.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó mú mi jókòó láti kọ lẹ́tà. Mo kà á pé kí wọ́n tó gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ máa ń bi í ní gbangba. Ṣé ohun tí o fẹ́ ṣe yìí yé ọ? Ṣé o mọ̀ pé o ń fi ẹ̀tọ́ rẹ sílẹ̀ pé kí àwọn méjìlá gbọ́ ẹjọ́ rẹ? Ṣé kò sí ẹni tó fi ipá mú ọ? Mo ka ìbéèrè kejì yẹn, mo gbójú kúrò lórí ìwé. Mo ka ìkẹta, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé. Nítorí bí o bá ní kò sí ẹni tó fi ipá mú ọ, irọ́ lo pa, èmi ni mo sì fi sí ọ lẹ́nu.

Ó yẹ kí o mọ ohun tó mú mi fi ipá mú ọ. N kò ní pè é ní ọgbọ́n. Àdéhùn wa ni pé ní oṣù Rájábù o máa wá, a jọ máa ṣe Úmúrà, màá mú ọ lọ síbi tí wọ́n sin ìyá rẹ sí ní Mẹ́kà, lẹ́yìn náà kí iṣẹ́ mi níbí parí, kí o sì mú mi lọ sílé ní Ìwó. O mọ̀ pé àwọn ibojì ibẹ̀ kì í ní orúkọ lára. Ìlà àti iye ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ni mo fi mọ tirẹ̀, n kò sì fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, mo fẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí o ní bí o bá yan júrì, ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé wọn kò ní jẹ́ kí o jáde nílùú títí yóò fi parí, ohun tí mo gbọ́ ni pé màá tún jẹun nìkan fún ọdún kan. Ẹ̀rù bà mí ju ti ẹ̀wọ̀n rẹ lọ. Ní ilé yìí, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó sọ gbólóhùn Yorùbá kan tó gùn. Mo máa ń sọ ọ́ fún ìkòkò. Ìdáwà ló ń gbà ọ́ nímọ̀ràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn mi ló yá lò.

Bí ẹlòmíràn bá ń gbà ọ́ nímọ̀ràn láti isìnyí lọ, ọmọ mi, kódà bó jẹ́ ẹni tó bí ọ, kọ́kọ́ wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá nínú rẹ̀.

Lánàá, kí n tó lọ sí Mẹ́kà, mo yà sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ẹ̀rọ amúǹkantutù. Mo ní kí wọ́n dá lẹ́tà tí mo fi sọ pé mo fẹ́ fẹ̀yìn tì padà fún mi, kí wọ́n fi ọdún kan kún àdéhùn mi. Akọ̀wé wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Yā Hájì, ṣebí ẹ ní ó ti rẹ̀ yín?"

Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Mo ní ọmọ mi ní ẹjọ́ kan ní ilé ẹjọ́, kò gbọdọ̀ kánjú nítorí mi. Ó ní ọdún kan máa tó? Mo ní kí ó kọ ọdún kan ná, bí kò bá tó, màá padà wá.

Nítorí náà, lọ́jọ́bọ̀, má ka tèmi mọ́ ohun tí o máa ro. Yálà o yan àwọn méjìlá, tàbí o gbà pé o jẹ̀bi nítorí pé o jẹ̀bi lóòótọ́, bí adájọ́ bá béèrè bóyá ẹnì kan fi ipá mú ọ, o lè wò ó lójú kí o sọ pé rárá. Mo ti jọ̀wọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó gbà ọ́ gbọ́ kí ó tó bi ọ́, tó sì yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,

Mùsílíù